Ẹ̀yìn Ìwé Ọ̀gá Ẹ-Pàtẹ́wọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú, pé ìgbéraga lásán ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò gbà. Ẹni tí ìgbéraga lásán ń yọ lẹ́nu, inú ilé ara rẹ̀ ni yóò ti máa wo dígí. Èyí fi ẹgbẹ̀ta ènìyàn ṣe dígí, àwọn tí ogun ti kọ́kọ́ fọ́ lọ́kàn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Olùdarí ibùdó ni. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé ló wà ní ibùdó náà, wọ́n ń sùn nínú búkà onípáànù mẹ́jọ, ẹnu omi ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń tò sí, ọ́fíìsì kan ṣoṣo ló sì ní fáànù. "Olùdarí" ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì yẹn. Nígbà tó di oṣù kejì, ó ní kí wọ́n fi "Àgbà" sí i. Lóṣù kẹrin, ó ní "Àgbà" nìkan kò tó, kí wọ́n fi "Pátápátá" lé e. Àyè kò sí lára ilẹ̀kùn mọ́, ni kápẹ́ńtà bá kọ ìdajì rẹ̀ sára ògiri. Bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, Olùdarí Àgbà Pátápátá ni. Bí wọ́n bá ṣí i, á ku Olùdarí Àgbà Pátá. Nítorí náà, kì í fẹ́ kí wọ́n ṣí i.

Àwọn ará ibùdó kò ní sùúrù fún gbogbo ìyẹn. Ẹ-Pàtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí ó lè sọ, ì báà jẹ́ pé omi kò ní yọ lónìí, kó má fi "Ẹ pàtẹ́wọ́!" parí rẹ̀.

Obìnrin kan wà nínú ọ́fíìsì yìí tí wọ́n ń pè ní Ìyá Atẹ̀wé. Òun náà sá ogun wá ni. Kí ogun tó dé, ilé ẹjọ́ ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì lè fi ẹ̀rọ tẹ odindi ojú ìwé láì wo ọwọ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú un sí ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ tí wọ́n sá, ọkọ̀ ojú omi tó kọ́kọ́ dé ti kún dé ẹnu. Ó gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin, Kékeré, ọmọ ọdún mẹ́fà, lé obìnrin kan lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ náà, ó ní òun ń bọ̀ nínú èyí tó kàn. Èyí tó kàn kò dé títí di ọjọ́ kẹta. Nígbà tí ó fi máa gúnlẹ̀ lódì kejì, kò bá obìnrin, kò bá ọmọ.

Aṣọ pupa ni Kékeré wọ̀ lọ́jọ́ náà. Àpò rẹ̀ ti fàya tẹ́lẹ̀, ìyá rẹ̀ sì gé ara kọ́tìnì aláwọ̀ ewé, ó fi rán òmíràn sí i. Àpò yìí ni Ìyá Atẹ̀wé ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọdún kan gbáko ló fi ń sọ ọ́.

Ibi tí ó ti ń sọ ọ́ ni ibi ìfọṣọ. Àwọn ará ibùdó ní àṣà kan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi òfin gbé kalẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àárín ni wọ́n ń fi sí. Kò ní fọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn; wọn á bá a fọ tiẹ̀, òun á sì máa sọ bí ó ṣe rìn dé: orúkọ ìlú tó gbà kọjá, orúkọ ẹni tó bá pàdé, irú aṣọ tó wà lọ́rùn ẹni tó rí lójú ọ̀nà. Àwọn tó kù á máa fọṣọ, wọn á máa fetí wá èèyàn wọn nínú ọ̀rọ̀ náà. Níbẹ̀ ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjì ti rí ara wọn. Níbẹ̀ ni bàbá arúgbó kan ti gbọ́ pé ìyàwó òun wà láàyè, tó jókòó sínú omi ọṣẹ, tí kò lè dìde.

Ẹ-Pàtẹ́wọ́ gbọ́ nípa ibi ìfọṣọ yìí. Kì í ṣe ti bàbá arúgbó ni wọ́n sọ fún un. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé ẹnì kan níbẹ̀ ní páànù búkà kẹta ń jò.

Ó pe gbogbo ibùdó jọ. Ó gun orí pákó tí wọ́n tò fún un, ó fọwọ́ nu bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Mo gbọ́! Mo gbọ́ pé àwọn kan ń sọ ìtàn níbi ìfọṣọ! Ta ló fún wọn láṣẹ? Dúkìá ìjọba ni ìtàn! Ta ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ju èmi lọ, èmi tí fáìlì yín wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi?"

"Kò sí o, sà!" Igbákejì rẹ̀ ló dáhùn. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba ń san owó oṣù fún un láti máa dáhùn.

"Nítorí náà, láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn ara rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìtàn, kó kọ ọ́. Ìwé kan fún ẹnì kan, ojú kan ṣoṣo ni kó sì kọ sí. Ọ́fíìsì mi yóò tún un ṣe, yóò yọ gbogbo ìbànújẹ́ tí kò bófin mu kúrò nínú rẹ̀, yóò sì dá a padà fún olówó rẹ̀. Èyí tí a bá tún ṣe ni kó máa sọ títí ayé. Ẹ pàtẹ́wọ́!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bí ọwọ́ ti rọlẹ̀ ni onígbàjámọ̀ ibùdó na ọwọ́ tiẹ̀ sókè.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti tún ìtàn mi ṣe tán, ṣé ilé mi tó jó máa padà dúró?"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gba ìwé ìjáde lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, wọ́n sì ti gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́. Wọ́n gbé àwo ńlá méjì tí wọ́n fi ń fọṣọ lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n tì í mọ́lé. Ẹ ò rí ohun tí mò ń wí? Ó ti àwo ìfọṣọ mọ́lé.

Àwọn èèyàn kọ ọ́, kí ni wọn ì bá ṣe? Ẹgbẹ̀ta ìwé ni wọ́n kó dé ọ́fíìsì. Òmíràn omijé ti bà á jẹ́, òmíràn ọmọdé ló bá bàbá rẹ̀ kọ ọ́. Ìyá Atẹ̀wé náà kọ tiẹ̀: ọkọ̀ ojú omi, aṣọ pupa, àpò aláwọ̀ ewé.

Ẹ-Pàtẹ́wọ́ jókòó lábẹ́ fáànù láti kà á. Ó gbé ìwé náà jìnnà síwájú, gbogbo apá rẹ̀ nà gbọọrọ, torí ojú rẹ̀ kò ríran nítòsí mọ́. Dókítà ti ní kó lo gíláàsì, ó kọ̀, ó ní gíláàsì kì í jẹ́ kí ojú òun yọ dáadáa nínú fọ́tò. Ó ka mẹ́ta, ó jù ú sílẹ̀.

"Kí lèyí? Ẹkún, ẹkún, ẹkún! Èmi dà nínú rẹ̀? Mo ka odindi ìwé mẹ́ta, mi ò bá orúkọ mi pàdé ní ẹ̀ẹ̀kan!"

"Àìmoore ni, sà," ni Igbákejì wí.

"Ìwọ, Atẹ̀wé, jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ. Èmi fúnra mi ni mo máa kọ ìtàn wọn." Kò sí ẹni tí ọkùnrin yìí kì í pè ní "ìwọ", ó lè pe ìyá tó bí i bẹ́ẹ̀. Ó mú ìwé tó wà lókè pátápátá, ó fi gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó wá fi tiẹ̀ parí rẹ̀. Ohun tó sọ fún un kó tẹ̀ nìyí:

"Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni mí. Mo kúrò nílé lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ dára. Mi ò rí ìyà kankan tí ó yẹ ní sísọ. Inú mi dùn púpọ̀ láti dé ibùdó yìí, níbi tí Olùdarí Àgbà Pátápátá ti ń ṣe bàbá fún mi, tí kò sì sí páànù kankan tí ń jò."

Ìyá Atẹ̀wé dá ọwọ́ dúró. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni ìtàn yìí?"

"Gbogbo wọn!"

"Àwọn ọkùnrin ńkọ́, sà?"

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o fẹ́ ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́ ni? Ó ti pé! Má yọ nǹkan kan, má fi nǹkan kan kún un. Ẹgbẹ̀ta ni mo fẹ́."

"Ìwé ti tán, sà."

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí nìyí, torí ibẹ̀ ni ọkùnrin yìí ti fọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìṣubú ara rẹ̀. Ẹ-Pàtẹ́wọ́ ní òfin kan tí ó fẹ́ràn ju gbogbo òfin rẹ̀ lọ: ẹ̀yìn ìwé kò gbọdọ̀ ṣòfò. Ó ti gba ìwé ẹ̀yẹ nítorí rẹ̀ rí. Lẹ́tà tó bá wọ ọ́fíìsì, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni ó máa ń wò. Bí kò bá sí ìyìn tirẹ̀ níbẹ̀, kò ní kà á, á yí i padà, á fi ẹ̀yìn rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ níwájú èèyàn. Àpótí kan kún fún irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lábẹ́ tábìlì rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

"Ìwé tán, kẹ̀?" Ó fi ẹsẹ̀ tún òkìtì ìwé àwọn èèyàn náà tò. "Kí lèyí? Ojú kan ni wọ́n kọ sí. Yí i padà, kí o tẹ tèmi sẹ́yìn."

"Ọlọ́pọlọ pípé!" ni Igbákejì wí, omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú rẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Ìyá Atẹ̀wé fi tẹ̀ ẹ́. Á mú ìtàn èèyàn, á da ojú rẹ̀ bolẹ̀, á ki í bọ ẹnu ẹ̀rọ, á sì tẹ̀ ẹ́ pé ojú ọjọ́ dára. Lọ́jọ́ kẹfà, ó mú ìwé kan, ó rí i pé ọwọ́ ara òun ni. Ó jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀. Igbákejì yọjú, ó ní, "Kí ló dé, ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́ ni?" Ó dáhùn pé, "Ó ń ṣiṣẹ́, sà." Ó dojú Kékeré bolẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Inú bí i sí ọwọ́ ara rẹ̀ tó mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn ún jù ni pé àwọn èèyàn tuntun ń dé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń kọjá lára rẹ̀ láì sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan nínú wọn ti rí àpò aláwọ̀ ewé.

Kò pẹ́ ni ìròyìn dé pé àwọn aṣojú mẹ́ta ń bọ̀ láti olú iṣẹ́. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ará ibùdó, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa fi wọ́n sí àti èèyàn wọn tí wọ́n lè bá wọn wá. Ohun mìíràn ni Ẹ-Pàtẹ́wọ́ gbọ́ ní tiẹ̀: wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa fi ṣe olórí gbogbo ibùdó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ mọ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ ojú ìwé mẹ́tàlélógún sẹ́yìn lẹ́tà. Ó kọ́ àwọn èèyàn ní àtẹ́wọ́ oríṣi mẹ́ta: ti ìkíni, ti ìyanu, àti èyí tí ẹkún máa ń bá rìn. Ó sì kéde pé ẹni tó bá sọ yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé, òun máa fa ìlà sí orúkọ rẹ̀, kò ní fojú kan àwọn aṣojú.

Ọjọ́ pé. Àwọn aṣojú jókòó lórí pákó pẹ̀lú rẹ̀: ìyá àgbà kan tó wọ gíláàsì, tó jẹ́ olórí wọn, àti ọkùnrin méjì. Wọ́n gbé tábìlì Ìyá Atẹ̀wé síwájú pákó gan-an, ó kọjú sí Ẹ-Pàtẹ́wọ́, kó lè máa tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bí ó ti ń jáde, kí ọ̀kan má baà bọ́ sílẹ̀.

Obìnrin kan kọ́kọ́ jáde, ó ka ìwé rẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, ojú ọjọ́ dára, páànù kò jò. Wọ́n pàtẹ́wọ́ ìkíni. Ẹlòmíràn jáde, ó kà á. Ìyá àgbà wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹnì kẹta tó jáde ni onígbàjámọ̀, pẹ̀lú irùngbọ̀n tó kan àyà. Ó gbé ìwé sójú, ó ní:

"Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni mí."

Ìyá àgbà bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. "Ẹ dákun, ìyá ta ni yín?"

Onígbàjámọ̀ wo Ẹ-Pàtẹ́wọ́. "Ẹ bi ọ̀gá, mà. Àwọn ló bí mi báyìí."

Ẹ-Pàtẹ́wọ́ rẹ́rìn-ín ńlá. "Ní ibùdó mi, mà, gbogbo ọkùnrin ló ní ọkàn ìyá! Àmọ́ ẹ má wo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìkan. Ẹ wo ìwé náà fúnra rẹ̀! Ibùdó mélòó lẹ ti dé tí wọn kì í fi ìwé ṣòfò? Ẹ yí i padà, mà! Ẹ yí i padà kẹ́ ẹ rí ọgbọ́n!"

Òun ló sọ ọ́ o. Ẹnikẹ́ni kò fi agbára mú un. Ìyá àgbà yí ìwé náà padà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wá fà á lé onígbàjámọ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ ka ojú ibí yìí fún mi."

Onígbàjámọ̀ kò kà á. Ó ká ìwé náà sínú àpò, ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́: ilé tó jó, àbúrò rẹ̀ tó padà lọ mú bàtà, tí kò jáde mọ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, àtẹ́wọ́ kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n kọ́ wọn tó bá a mu, nítorí náà wọ́n dákẹ́ fún un. Lẹ́yìn náà ni gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí yí ìwé padà, ẹgbẹ̀ta ìwé lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ jókòó!" Ẹ-Pàtẹ́wọ́ fò dìde. "Ó ku ọ̀rọ̀ tèmi! Ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tó máa pa gbogbo ìyẹn rẹ́!" Ó fa ojú ìwé mẹ́tàlélógún yọ, ó na apá rẹ̀ gbọọrọ síwájú bí ó ti máa ń ṣe, ìwé náà sì wá dúró ní iwájú Ìyá Atẹ̀wé gan-an, ojú ìwé kan lẹ́yìn òmíràn.

"Nígbà tí wọ́n bí mi," ni ó bẹ̀rẹ̀, "ojú ọjọ́ dára."

Ìyá Atẹ̀wé ń tẹ̀ ẹ́. Kì í wo ọwọ́ rẹ̀, nítorí náà iwájú ni ó ń wò, iwájú náà kò sì ní ju ẹ̀yìn ìwé ọ̀gá lọ. Ó ka ojú ìwé kìíní: orúkọ olú iṣẹ́, àti pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka orúkọ àwọn ọmọ wọ̀nyí sétí gbogbo ará ibùdó yín." Ó ka ìkejì: ọmọkùnrin, ọdún mẹ́rin, àpá wà ní orúnkún. Ìkẹta, ìkẹrin. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Nígbà tí ó di ojú ìwé kẹsàn-án, ó rí i láàárín:

"Ọmọbìnrin. Bí ọdún méje. Kì í sọ̀rọ̀. Aṣọ pupa, àpò aláwọ̀ ewé. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni bọ́ ọ lọ́rùn òun."

Ẹ-Pàtẹ́wọ́ ti fẹ́ mú ojú ìwé náà kúrò.

"Ọ̀gá!" Ìyá Atẹ̀wé ti dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ìwé yẹn!"

Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yíjú sí àwọn aṣojú. "Ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ mi ti wọ̀ ọ́ lára! Ó ní kí n tún ibẹ̀ kà!" Ó tún na ìwé náà sún mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ ojú ìwé kẹsàn-án láti òkè, bí òun ṣe gba ipò kìíní ní iléèwé. Bí ó ti ń ka ojú tiẹ̀ ni Ìyá Atẹ̀wé ń ka ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ohùn rẹ̀ sì ń ga sí i títí ohùn ti ọ̀gá fi rì sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó dé ibi àpò aláwọ̀ ewé, obìnrin kan láti ibi ìfọṣọ pariwo, "Kékeré ni! Kékeré ni!" torí kò sí ẹni tí kò mọ àpò yẹn nínú wọn.

Ìyá àgbà dìde. "Àwa la kọ lẹ́tà yìí. Oṣù márùn-ún rèé tí a ti fi ránṣẹ́. A kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ò dáhùn."

"Mà, ìyìn... ìlà àkọ́kọ́..." ni Ẹ-Pàtẹ́wọ́ wí.

Ìyá Atẹ̀wé kò dúró gbọ́ ọ. Ó na ọwọ́, ó gba ojú ìwé kẹsàn-án lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn ti gun orí pákó, wọ́n ń gba kẹwàá, wọ́n ń gba kejìlá, ìyá kan ti jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ìkejì lórí itan rẹ̀, ó ń sọ pé orúnkún ọ̀tún ni, orúnkún ọ̀tún ni. Kò ku ìwé kankan lọ́wọ́ ọ̀gá. Nítorí kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn ń sọ, ó ní, "Ẹ pàtẹ́wọ́!" Igbákejì nìkan ló gbé ọwọ́ sókè. Ó wo ìyá àgbà, ó sì fi ọwọ́ náà họ orí.

Wọ́n yọ ọ́ kúrò níṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà. Kí wọ́n tó lé e lọ, wọ́n fún un ní ìwé kan pé kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó jókòó tì í ní ọjọ́ méjì. Ó bẹ Ìyá Atẹ̀wé pé kó bá òun kọ ọ́; ó tilẹ̀ pè é ní "ẹ̀yin" lọ́jọ́ yẹn, ó ti mọ̀ ọ́n pè. Obìnrin náà ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ín, sà. Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ara yín." Nígbà tí wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé inú òun dùn púpọ̀, òun kò rí ìyà kankan tí ó yẹ ní sísọ. Ìyá àgbà dá a padà fún un. Ó ní àwọn ti ka èyí ní ẹgbẹ̀ta ìgbà.

Wọ́n kó àwo ìfọṣọ jáde. Ìyá Atẹ̀wé kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti wọ ọkọ̀ lọ sí ibùdó kejì, níbi tí wọ́n kó àwọn ọmọ inú lẹ́tà náà sí, ojú ìwé kẹsàn-án wà láyà rẹ̀. Ó bá ọmọ kan lórí àga nínú ọgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn, aṣọ pupa náà ti kúrú dé itan. Ọmọ náà wò ó títí, ó sì ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, bí ẹni ń wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún kan. Ó ní, "Ọkọ̀ yín pẹ́."

Nígbà tí wọ́n sunkún tán, ìyá fi ìwé náà hàn án, ó fi ìka tọ́ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Kékeré yí ìwé náà padà, ó rí ìkọ̀wé ńlá ńlá tó kún ẹ̀yìn rẹ̀ dé etí.

"Ìyá mi, kí ni wọ́n kọ síbí?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí.